Ọmọ wa fẹ́ bá wa ní Kánádà, ṣé kò tíì pẹ́ jù?

BàbáTóbi: Ẹ jọ̀ọ́, èmi àti ìyàwó mi ti gba PR (ìwé ìgbélùú títí lọ) ní Kánádà, ọmọ wa ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá mi n'Ítòkú l'Ábẹ́òkúta, ó máa pé ọdún 22 lóṣù tó ń bọ̀, ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

ỌmọẸ̀gbá: Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè ṣe é o! Ọjọ́ tí ìwé tẹ́ ẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ pé kó wá bá yín bá dé iléeṣẹ́ tó ń rí sí ìwọ̀lú ní Kánádà ní pípé ni wọ́n máa fi ka ọjọ́ orí ẹ̀, kò ṣáà gbọdọ̀ tíì pé 22. Kó má sì tíì gbéyàwó o.

Ìyá Ìbejì: Ṣé ẹ dárúkọ ẹ̀ nígbà tẹ́yin náà ń gba PR? Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà, ọmọ téèyàn ò bá dárúkọ ẹ̀ nígbà yẹn, wọ́n lè kọ̀ ọ́.

BàbáTóbi: A dárúkọ ẹ̀ mà, ọpẹ́ ni. Mò ń pe màámi báyìí kí wọ́n wá ìwé ìbí ẹ̀.