Ọ̀dẹ̀ méjì, ọkọ̀ kan: kí ló dé tí ẹ̀rín fi ń tán láàárín ọ̀nà?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé eré fíìmù ni, ojú ewé 95. Ọ̀rẹ́ kòríkòsùn méjì ń gbé kéèkì ìgbéyàwó lọ sí ìlú tó jìn, orí àwọn méjèèjì ò sì pé tó. Ojú ewé 30 àkọ́kọ́ ń pani lẹ́rìn-ín. Láti 45 lọ, wọ́n kàn ń ṣubú, wọ́n ń dìde. Kí ni ká gé? Báwo sì ni wọ́n ṣe ń ya ìṣubú tí àánú ò fi ní ṣe òǹwòran?

Èsì kìíní
Ẹ má tíì gé nǹkan kan. Ẹ kọ́kọ́ wo ohun tí ọ̀nà ti gbà lọ́wọ́ wọn. Tí owó wọn ṣì pé, tí ọkọ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́, tí wọn ò tíì bá ara wọn jà, ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti ń jò. Ẹ wo fíìmù Dumb and Dumber (1994), ìrìn àjò ọ̀dẹ̀ méjì, Lloyd àti Harry. Lloyd wakọ̀ gba ọ̀nà òdì nígbà tí Harry ń sùn; Harry bínú, ó ní òun á fẹsẹ̀ rìn lọ sílé. Àfi bí Lloyd ṣe lọ fi ọkọ̀ wọn tí wọ́n fi irun bò bí ajá gba pààrọ̀ alùpùpù kékeré kan. Inú Harry sì dùn! Ìwà ọ̀dẹ̀ tó tú wọn ká náà ló tún so wọ́n pọ̀, ìrìn àjò sì tún le sí i.

Bí ẹ bá yọ ọ̀kan nínú wọn kúrò nínú ìran kan tí ohunkóhun ò yí padà, ìran yẹn ni kí ẹ gé.

Èsì kejì
Ti yíyà: ẹ jẹ́ kí kámẹ́rà jìnnà, kí orí dé ẹsẹ̀ hàn, kí òǹwòran sì ti rí ohun tó wà lọ́nà, bí àkàbà, ṣáájú ẹni tó máa kọ lù ú. Bí ẹ bá gé ìṣubú sọ́nà mẹ́ta, ó di ìjàǹbá ojú títì. Tó bá ti balẹ̀, ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ lẹ máa fi hàn wá. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò gbọ́dọ̀ sí.

Gíláàsì tí wọ́n máa fọ́, tó bá jẹ́ ṣúgà lẹ fi ṣe é, ọjọ́ tẹ́ ẹ máa lò ó ni kí ẹ sè é. Ó máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Á rọ̀, á máa lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́.

Inú ọkọ̀ ńkọ́? Ẹ gbé e sórí tírélà tó lọ sílẹ̀ dáadáa, kí ọkọ̀ mìíràn máa fà á, kí awakọ̀ lè máa wo ojú ọ̀rẹ́ rẹ̀ títí láìwo iwájú. Bí tírélà bá ga, àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ á dà bí ohun ìṣeré ọmọdé.

Èsì kẹta
Mo fara mọ́ ẹni àkọ́kọ́, àmọ́ kéèkì yẹn gan-an lẹ ò lò tó. Ẹ jẹ́ kó fẹ́rẹ̀ẹ́ bàjẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ọ̀kan mọ̀ọ́mọ̀ jù ú nù kó lè fọwọ́ méjèèjì di ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. Ó kéré tán, ẹ ṣe kéèkì mẹ́rin tó jọra. Kí inú wọn jẹ́ fóòmù, ibi tí wọ́n máa bù jẹ nìkan ni kó jẹ́ kéèkì gidi. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ lẹ́yìn ìran kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọgbẹ́ tí kéèkì gbà lójú ewé 50 á ti jinná kó tó di 52.