Ta ló ti gbá ihò èéfín ààrò rẹ̀ fúnra rẹ̀ rí? Ẹ wá sọ tiyín

Aláàrò Àjàṣẹ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú. Bíríkì ni wọ́n fi mọ ààrò búrẹ́dì tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún mi, ihò èéfín rẹ̀ sì ga tó mítà 7. Láti ìgbà òjò tó kọjá ni èéfín ti ń padà wá sí ẹnu ààrò. Búrẹ́dì wá ń rùn bí ẹja yíyan. Àwọn onísémìjáàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà, tó ń rà á láàárọ̀ ní kí n kúkú máa ta ata mọ́ ọn.

Bíríkìlà tí mo pè wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀, ó ní 60 000 sẹ́fà. Mo ní ó dàbọ̀.

Alẹ́ Sátidé ni mo pa iná. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo ti wà lórí àkàbà. Bíríkì kì í tètè gbàgbé iná o! Bí mo ṣe ṣí ìdérí òkè, ooru tó kọ lù mí lójú fẹ́rẹ̀ẹ́ jù mí sílẹ̀. Mo rọra sọ̀kalẹ̀, ó di ọjọ́ Ajé.

Ajórinmọ́rin àdúgbò ti bá mi ṣe búrọ́ọ̀ṣì onírin. Mo so òkúta mọ́ ìdí rẹ̀ kó lè wúwo, mo so okùn mọ́ orí rẹ̀, mo ń sọ ọ́ kalẹ̀, mo ń fà á sókè. Okùn mìíràn wà ní ìbàdí mi. Máàsìkì ìgbà kòrónà tó kù nílé ni mo fi bo imú, kò tó rárá: ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń tutọ́ dúdú.

Ìsàlẹ̀ ihò náà kò ni mí lára, ẹ̀gbin ibẹ̀ gbẹ bí èlùbọ́. Òkè ni wàhálà wà. Ibi tí ihò ti yọ lórí òrùlé, tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí i lára, ẹ̀gbin ti dì síbẹ̀ bí ọ̀dà títì, ó ń dán. Ńṣe ni búrọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ lórí rẹ̀. Ọkọ́ ògbólógbòó ni mo fi ha á títí ọwọ́ fi bó.

Mo ti fi àpò tútù bo ẹnu ààrò nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fi nǹkan tẹ̀ ẹ́. Ègé ńlá kan já, gbì! Àpò ṣí, gbogbo ẹ̀gbin tú sórí ìyẹ̀fun tí n kò kó kúrò. Ìyàwó mi wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ má wọlé o." Ẹ fi owó ìyẹ̀fun kún búrẹ́dì ọjọ́ méjì tí n kò tà. Bíríkìlà yẹn kò wọ́n.

Ìyá Kétu:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Bàbá Ìbejì. Ẹ dúpẹ́ pé kò gbiná. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí ní Kétu níbí, igi tútù ni ọ̀gá ń rà torí pé ó pọ́ọ́kú. Ìdájí ọjọ́ kan, a gbọ́ tí ihò ń hó bí ọkọ̀ òfurufú tó fẹ́ gbéra. Ẹ̀ta iná ń fò jáde lókè. Ọmọkùnrin kan ti gbé garawa, ó fẹ́ gòkè lọ da omi sínú rẹ̀. Ọ̀gá lọgun mọ́ ọn! Bí omi tútù bá kan bíríkì tó ti pọ́n, yóò sán, oru á sì bo ẹni tó da omi. Páànù la fi dí ẹnu ààrò, a fi amọ̀ rẹ́ etí rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà wọlé, a pe àwọn panápaná ní 118, nọ́ńbà wọn níbí ní orílẹ̀-èdè Benin. Kí wọ́n tó dé, ó ti ń rọlẹ̀.

Ohun dídán tí ẹ ń ha yẹn ló gbiná. Omi inú igi kì í jẹ́ kí iná jó dáadáa, èéfín á wúwo, á wá dì síbi tó bá tutù. Igi tí a là, tí a tò síbi atẹ́gùn fún oṣù 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbá méjì mọ́ra, á dún ko. Tútù á dún bù.

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ẹ̀rù òkè ń bà mí, èmi tí wọ́n bí sábẹ́ òkè Ṣábẹ̀ẹ́! Ìsàlẹ̀ ni mo ti gbá tèmi. Mo so ọparun mẹ́ta pọ̀, mo fi búrọ́ọ̀ṣì sórí rẹ̀, mo ń tì í sókè. Ìtẹ́ ẹyẹ ló já bọ́ lé mi lórí. Kó tó dìgbà yẹn, ojoojúmọ́ ni orí ń fọ́ gbogbo wa, a ní ibà ni, a ń mu àgbo. Èéfín tí kò rọ́nà jáde ni. Afẹ́fẹ́ olóró tí wọ́n ń pè ní carbon monoxide inú rẹ̀ kì í rùn, ojú kì í rí i, ó sì ń pani.

Aláàrò Àjàṣẹ́:
Àbúrò, tèmi rí kọdọrọ láàárín. Ṣé ọparun tí ẹ so yẹn kò já sínú ihò?

Ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́:
Ó já, ẹ̀gbọ́n. 15 000 ni mo fún ẹni tó bá mi yọ ọ́.