Ọmọ pé tán nínú ẹyin, kò dá èèpo: kí ló fà á nínú ẹ̀rọ ìsàba?

Ọlọ́sìn Mọ́níyà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọlọ́sìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ èyí wò. Àpótí ìsàba oníẹyin 60 ni, pákó ni, fóòmù wà nínú rẹ̀. Gílóòbù 60 wáàtì méjì ló ń mú un gbóná, fáànù kékeré inú kọ̀ǹpútà ń fẹ́ ooru káàkiri, tẹmósítáàtì W1209 ló ń tan iná tó sì ń pa á. 37.5°C ni mo yàn. Abọ́ omi méjì wà nísàlẹ̀ láti ọjọ́ kìíní, mi ò sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ. Ìbàdàn ni, oṣù kẹfà, òjò ń rọ̀ gan-an.

Ẹyin adìẹ Noiler 48 ni mo tò. Nígbà tí mo fi tọ́ọ̀ṣì yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ 7, òbu (èyí tí kò ní ọlẹ̀) jẹ́ 7, òrùka ẹ̀jẹ̀ wà nínú 5. Ẹyin 36 ló dé ọjọ́ 18. 15 péré ló pa, ọjọ́ 22 ni àkọ́kọ́ jáde, àwọn mìíràn wọ ọjọ́ 23. Mo fọ́ 21 tó kù: ọmọ ti pé, ìyẹ́ ti bo ara rẹ̀, omi kún inú èèpo, ara wọn wú, ẹnu wọn kò tíì gún èèpo. Mo wọn ẹyin 10 pọ̀ kí n tó tò wọ́n, ó jẹ́ 540 gíráàmù. Lọ́jọ́ 18 ó jẹ́ 510. Iná lọ lẹ́ẹ̀mejì, wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, lọ́jọ́ 6 àti ọjọ́ 13. Ṣé iná tó lọ yẹn ló pa wọ́n? Ẹnì kan ní omi ni kò tó, pé kí n fi abọ́ kẹta sí i.

Ìyá Àgbébọ̀

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àdánù. Ẹ má fi abọ́ kẹta síbẹ̀ o! Àwọn méjì tó wà níbẹ̀ gan-an ti pọ̀ jù. Òṣùwọ̀n yín ti dáhùn ìbéèrè yìí kí ẹ tó bi wá.

Láàárín ọjọ́ 18 àkọ́kọ́, ó yẹ kí omi inú ẹyin máa gba ojú èèpo jáde díẹ̀díẹ̀, títí ẹyin yóò fi fúyẹ́ ní nǹkan bíi 12%. Afẹ́fẹ́ ló ń gba àyè omi tó jáde, ní ìdí ẹyin níbi tó tóbi. Inú àlàfo yẹn ni ọmọ ń ki ẹnu bọ̀ ní nǹkan bí ọjọ́ 19 sí 20 láti mí èémí àkọ́kọ́, kó tó gún èèpo. 540 tiyín fi 30 péré dín, kò pé 6%. Àlàfo kéré, omi ṣẹ́ kù níbi tó yẹ kí afẹ́fẹ́ wà, ọmọ wú débi pé kò lè yí ara rẹ̀ po láti dá èèpo. Ṣe ni ó rì. Bí ó bá jẹ́ omi ni kò tó, òdìkejì lẹ ò bá rí: ọmọ á gbẹ mọ́ awọ inú èèpo, á le bí ẹni tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kò rò ni pé òjò ti ṣe iṣẹ́ abọ́ omi fún yín. Bí yàrá bá wà ní 26°C tí ọ̀rinrin rẹ̀ jẹ́ 80%, afẹ́fẹ́ kan náà, tó bá gbóná dé 37.5°C láìsí omi kankan lábẹ́ rẹ̀, á ka bíi 42%. Ẹyin fúnra wọn á sì fi díẹ̀ kún un. Ohun tí à ń wá fún ọjọ́ 18 àkọ́kọ́ kò ju 45 sí 55% lọ. Nígbà ọyẹ́ ni ọ̀rọ̀ ń yí padà: afẹ́fẹ́ 30°C tó jẹ́ 20% á já wálẹ̀ sí bíi 13% nínú àpótí, omi di dandan nìyẹn. Fífẹ̀ ojú omi ló sì ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe bó ṣe jìn tó. Bí ẹ bá fẹ́ dín ọ̀rinrin kù, abọ́ tí ẹnu rẹ̀ kéré ni kí ẹ lò, ẹ má kàn dín omi inú abọ́ fífẹ̀ kù.

Ẹ máa wọn ẹyin, ìyẹn ló dá mi lójú ju aago ọ̀rinrin (èyí tó ń ka ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́) olówó pọ́ọ́kú lọ. Ẹyin 10 tó jẹ́ 540 lọ́jọ́ kìíní yẹ kó wà ní bíi 515 lọ́jọ́ 7, 490 lọ́jọ́ 14, 475 lọ́jọ́ 18. Tó bá wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yọ omi, ẹ ṣí ihò afẹ́fẹ́ sí i. Tó bá fúyẹ́ jù, ẹ fi omi kún un. Ẹ má sì fi òbu kún àwọn tí ẹ ń wọ̀n.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá aago ọ̀rinrin ń pa irọ́, ẹ bu iyọ̀ ìdajì ife, ẹ fi omi díẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dà bíi yanrìn tútù, kó má yọ́ o. Ẹ gbé òun àti aago sínú ike tí ẹ dé pinpin fún wákàtí 8 sí 12. 75% ló yẹ kó kà. Tó bá ka 68, ẹ mọ̀ pé ó ń fi 7 jẹ yín.

Alátùn-únṣe

Ìyá ti sọ ti omi, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 22 sí 23 tí wọ́n jáde kì í ṣe ẹ̀bi omi. Ọjọ́ 21 ni adìẹ. Ẹyin tó bá pẹ́, tútù ni àpótí tutù. Tó bá yá jù, bíi ọjọ́ 19, tí ìdodo ọmọ kò sì tíì san, gbígbóná ló gbóná jù.

Ẹ wo P1 lórí W1209 yín. Bó ṣe ń ti ilé iṣẹ́ jáde, 2.0 ló wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé iná á kú ní 37.5, kò sì ní tàn títí ooru yóò fi já sí 35.5. Ojú á máa rí 37.5 nígbà mìíràn, ọkàn á balẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé bíi 36.5 ni ẹyin ń rí lápapọ̀. Ẹ tẹ SET mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 5, P0 á yọ. Ẹ fi + lọ sí P1, ẹ tẹ SET, ẹ gbé e wá sí 0.2 tàbí 0.3. Iná á máa tàn, á máa kú lemọ́lemọ́, nítorí náà ẹ má so gílóòbù méjèèjì tẹ̀lé ara wọn lórí wáyà kan ṣoṣo. Kí kálukú ní ọ̀nà tirẹ̀, kí èkejì má baà kú tí ọ̀kan bá jó.

Ibi tí ẹ fi orí wáyà tó ń mọ ooru sí náà ṣe kókó. Tó bá kọjú sí gílóòbù, yóò pa iná kí ẹyin tó gbóná. Ẹ̀gbẹ́ ẹyin gan-an ni kó wà, lọ́gbọọgba pẹ̀lú orí wọn. Ẹ fi tẹmómítà dígítà tí wọ́n fi ń wo ibà yẹ̀ ẹ́ wò lójú ẹyin. Tí ìyàtọ̀ bá wà, P4 ni ẹ ó fi tún un ṣe. 37.5 yìí, àpótí tó ní fáànù ni mo ń wí o. Èyí tí kò ní, 38.3 sí 38.9 ni, kí ẹ sì kà á lókè orí ẹyin, torí ooru máa ń gun òkè.

Òkòkó Abẹ́òkúta

Lórí iná tó lọ: wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀mejì lè fi wákàtí bíi mélòó kan kún ọjọ́ ìpa, kì í sábà pa ọmọ. Àgbébọ̀ pàápàá ń dìde lórí ẹyin lójoojúmọ́ lọ jẹun. Ooru àjù ló yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà yín, 40.5 fún wákàtí bíi mélòó kan lè pa gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ fi tẹmósítáàtì kejì sí 38.5, kó máa gba iná kọjá kó tó dé gílóòbù, kí ó já a bí ti àkọ́kọ́ bá lẹ̀ mọ́ra tí kò lè pa iná mọ́.

Tí iná bá lọ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ má ṣí ìlẹ̀kùn, ẹ da aṣọ bo àpótí, kó ku ihò afẹ́fẹ́ díẹ̀. Tó bá ju wákàtí mẹ́ta lọ, ike omi lítà kan ààbọ̀ méjì tí omi rẹ̀ gbóná bíi 55°C, ẹ fi aṣọ wé e, ẹ gbé e sí igun, kó má kan ẹyin. Lẹ́yìn ọjọ́ 15, ọmọ fúnra rẹ̀ ń mú ooru jáde, ó sì ń mí gan-an: ẹ má dí ihò afẹ́fẹ́ nígbà yẹn.

Òrùka ẹ̀jẹ̀ 5 yẹn kò kan òjò. Ọlẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ tó sì kú láàárín ọjọ́ díẹ̀ ni. Ẹ wo bí ẹ ṣe ń tọ́jú ẹyin kí ẹ tó tò wọ́n. Tí ẹyin bá wà nínú ooru tó ju bíi 24°C lọ, ọlẹ̀ á ti fẹ́ máa dàgbà, á tún dúró, á sì rẹ̀ ẹ́. Ẹ máa kó ẹyin lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, ẹ gbé e síbi tó tutù jù nínú ilé, ṣóńṣó sísàlẹ̀, kó má kọjá ọjọ́ 5 tí kò bá sí ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ má fọ̀ ọ́: omi ń ti ìdọ̀tí wọ ojú èèpo, ẹyin bẹ́ẹ̀ ló ń bú nínú àpótí. Òbu 7 nínú 48 kò burú jù. Tí àkùkọ kan bá ń gun ju àgbébọ̀ 10 lọ, á pọ̀ sí i.

Ọlọ́sìn Mọ́níyà

Ẹ ṣé gan-an ni. P1 wà ní 2.0 lóòótọ́, mo ti gbé e sí 0.3. Ẹyin 40 mìíràn ti wà nínú rẹ̀, ọjọ́ 9 nìyí, abọ́ méjèèjì wà lábẹ́ rẹ̀. 10 nínú wọn jẹ́ 530 lọ́jọ́ kìíní, 513 lónìí. Ṣé ó ṣì ṣeé tún ṣe? Tí ọmọ kan bá sì gún èèpo tí kò jáde, ṣé kí n ràn án lọ́wọ́?

Ìyá Àgbébọ̀

Ó ṣeé tún ṣe. 498 ló yẹ kó jẹ́ lónìí. Ẹ kó abọ́ méjèèjì jáde báyìí, ẹ nu ilẹ̀ àpótí gbẹ, ẹ ṣí gbogbo ihò afẹ́fẹ́. Ẹ má lépa 12% mọ́, 10% tó: 477 lọ́jọ́ 18. Gíráàmù 4 lójúmọ́ fún ẹyin 10 nìyẹn. Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́jọ́ 12. Tó bá ti sún mọ́ 501, ọ̀nà ti là. Ẹ máa yí ẹyin lọ o, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí márùn-ún lójúmọ́, kó má ṣe jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́rin, kí ẹ̀gbẹ́ kan náà má baà máa wà lókè ní gbogbo òru. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ X sí ẹ̀gbẹ́ kan, O sí èkejì.

Lọ́jọ́ 18, ẹ dá yíyí dúró, ẹ fi ẹyin dùbúlẹ̀ lórí aṣọ híhun tó lè mú ẹsẹ̀ ọmọ, torí ilẹ̀ tó ń yọ̀ ń la ẹsẹ̀ wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ìgbà yìí ni omi padà wọlé: 65 sí 75%. Ẹ ti ìlẹ̀kùn, ẹ má ṣí i mọ́. Gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí i, ọ̀rinrin á já wálẹ̀, awọ inú èèpo àwọn tó ti gún á gbẹ mọ́ wọn lára.

Ẹni tó bá gún èèpo lè lo wákàtí 12 sí 24 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dá a yíká. Kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́. Ó ń fa ẹ̀jẹ̀ inú awọ àti pupa ẹyin wọ inú ara rẹ̀. Tí ẹ bá bó o nígbà yẹn, ẹ̀jẹ̀ á máa dà. Tó bá kọjá wákàtí 24 láìsí ìyípadà, ẹ rọra bó èèpo díẹ̀ ní ojú ihò, ẹ fi òwú tó tutù pẹ̀lú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ pa awọ náà lára. Tí ẹ bá rí iṣan ẹ̀jẹ̀ pupa, ẹ dá a padà, ó di wákàtí 6. Tí awọ bá ti funfun, tí kò sí ẹ̀jẹ̀, ẹ lè là á yíká ní ìdajì, kí ọmọ fi ẹsẹ̀ ti ìyókù fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ti jáde lè wà níbẹ̀ fún wákàtí 24 láìjẹ láìmu, pupa ẹyin tí wọ́n fà wọnú ṣì ń bọ́ wọn. Ìgbà tí ìyẹ́ wọn bá gbẹ tó rọ̀ dáadáa ni kí ẹ kó wọn lọ sábẹ́ iná, 33 sí 35°C ní ọ̀sẹ̀ kìíní.