Kí ló mú kí àwọn ará London gbárùkù ti Ayaba Caroline ní 1820?

Ìbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin ará. Láti 1796, lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọ wọn kan ṣoṣo, ni George Kẹrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Caroline aya rẹ̀ ti pínyà, obìnrin náà sì ti kúrò ní ìlú láti 1814. Síbẹ̀, nígbà tó gúnlẹ̀ sí èbúté Dover ní oṣù Kẹfà 1820, ogunlọ́gọ̀ èèyàn tú jáde pàdé rẹ̀. Kí ló fà á?

Èsì kìíní
Ẹ kú ìbéèrè. Ní oṣù Kẹjọ 1819, àwọn ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ya lu àwọn tó péjọ ní Manchester láti béèrè ẹ̀tọ́ ìdìbò, wọ́n sì pa nínú wọn. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba ti ṣe òfin tó dènà ìpàdé ńlá. Ẹni tó bá bú ọba lè wẹ̀wọ̀n, ṣùgbọ́n ta ni yóò mú ẹni tó ń kígbe pé kí ẹ̀mí ayaba ó gùn? Abẹ́ orúkọ Caroline ni àwọn èèyàn sá sí láti sọ fún George pé ìwà rẹ̀ àti ìnákúnàá rẹ̀ ti sú wọn.

Èsì kejì
Òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé àwọn obìnrin. Ọba tó ní àlè lọ́tùn-ún lósì, tó ti fẹ́ Maria Fitzherbert ní ìkọ̀kọ̀ ní 1785, ló fi dandan lé e pé kí ìjọba gbé àbá òfin wá láti tú ìgbéyàwó òun àti Caroline ká, kí wọ́n sì gba oyè lọ́wọ́ aya rẹ̀ nítorí ẹ̀sùn àgbèrè. Lójú tèmi, ìrẹ́jẹ gbáà ni. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin, tí kò ní ẹ̀tọ́ ìdìbò kankan, fọwọ́ sí ìwé àtìlẹ́yìn ránṣẹ́ sí i. Nígbà tí àbá náà fi ìbò 108 sí 99 péré yege ní Ilé Aṣòfin Àgbà lọ́jọ́ 10 oṣù Kọkànlá, Lord Liverpool, olórí ìjọba, fà á sẹ́yìn, àwọn ará London sì tan iná sójú fèrèsé wọn láti fi yọ̀.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun. Ṣé ìfẹ́ náà tọ́jọ́?

Èsì kìíní
Ìfẹ́ náà rọlẹ̀ nígbà tí Caroline gba £50,000 lọ́dún lọ́wọ́ ìjọba. Wọ́n ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì Westminster Abbey mọ́ ọn lọ́jọ́ tí wọ́n dé George ládé, 19 oṣù Keje 1821. Caroline kú lọ́jọ́ 7 oṣù Kẹjọ. Ìjọba fẹ́ kí òkú rẹ̀ gba ẹ̀yìn ìlú. Àwọn èèyàn dí ọ̀nà, ọmọ ogun yìnbọn pa ọkùnrin méjì, síbẹ̀ àwọn èèyàn náà fi tipátipá darí pósí náà gba àárín ìlú kọjá.