Èsì: "àfọwọ́kọ", "ìtò", àti ohun tó yẹ ká máa pe ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán

Ẹ̀yin ará wa, mo kí yín o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta kọ̀wé sí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá pé ká yé pe iṣẹ́ tí ẹnjiníà fẹ́ fi ránṣẹ́ sí jọ́nà, ìyẹn ìwé tó ń tẹ iṣẹ́ ìwádìí jáde, ní "ìwé àfọwọ́kọ", nítorí kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kọ ọ́ mọ́. Wọ́n ní "ìwé àkọ́kọ́kọ" ló yẹ. Wọ́n tún dábàá "ìtò" fún fọ́máàtì, ìyẹn iṣẹ́ tí a máa ń ṣe lára ìwé náà kó tó di ohun tí jọ́nà lè gbà. Bùrọ̀dá kan fèsì pé "àtò" ló dùn jù, àbúrò wa kan sì ní "ìgúnrégé". Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka gbogbo rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun ní Àkọkà. Àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ ló ń gbé ìwé wá bá mi, ọ̀rọ̀ náà sì ká mi lára.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ gba ẹjọ́ "àfọwọ́kọ" rò. Látìn ni "manuscript" tí àwọn òyìnbó ń lò ti wá, ohun tó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ kò ju "ohun tí a fi ọwọ́ kọ" lọ. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé, kọ̀ǹpútà dé, wọn ò pààrọ̀ rẹ̀. Ọwọ́ náà la ṣì fi ń tẹ̀ ẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe torí òyìnbó ni mo fi fẹ́ kó dúró. Ọ̀rọ̀ náà ní ẹnìkejì tó bá a rìn: àtẹ̀jáde. Ìwé tó ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ ọ́ ni àfọwọ́kọ. Tó bá ti gba abẹ́ ẹ̀rọ kọjá tó bọ́ síta, ó di àtẹ̀jáde. "Àkọ́kọ́kọ" kò lè ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi. Ìwé tí jọ́nà dá padà lẹ́ẹ̀mẹta, tí a tún un kọ lẹ́ẹ̀mẹta, kì í ṣe àkọ́kọ́ mọ́. Àfọwọ́kọ ni síbẹ̀.

Ní ti "jọ́nà", ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. "Ìwé àtìgbàdégbà" dára, àmọ́ ìwé ìròyìn àti ìwé aṣọ ìgbàlódé náà wà nínú rẹ̀.

Ó wá ku "ìtò" àti "àtò". Bàbá mi to lẹ́tà ní Ṣómólú kí kọ̀ǹpútà tó gba iṣẹ́ náà. Lẹ́tà òjé ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú ilé kéékèèké tó wà nínú àpótí onígi, ojú wọn sì yí padà bí ìgbà téèyàn ń wo nǹkan nínú dígí. Wọ́n á máa fi ọwọ́ ọ̀tún ṣà á, wọ́n á máa tò ó sórí irin pẹlẹbẹ tó wà lọ́wọ́ òsì. Tí ìlà kan ò bá kún, wọ́n á fi òjé tí kò ní lẹ́tà há àárín àwọn ọ̀rọ̀ títí ìlà náà á fi le, tí kò ní mì mọ́. Èékánná wọn á ti dúdú kí wọ́n tó délé. "Ojú ìwé mẹ́rin ni mo tò lónìí," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń sọ fún ìyá mi. Nítorí náà mo bá ẹ̀gbọ́n wa lọ délé pé inú "tò" ni ká ti mú ọ̀rọ̀. Inú rẹ̀ náà ni "ètò" ti jáde.

Àmọ́ ẹ kọ "ìtò" sórí fóònù láìfi àmì sí i, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń ṣe, kẹ́ ẹ wá wo ohun tí ọmọ ilé ìwé máa kà. Ohun tó ń ti inú ilé ìtọ̀ jáde ni. "Àtò" tún wá burú jù ú lọ. Àgbà wà láàárín wa, mi ò ní la ìyẹn yé ẹnikẹ́ni. Ẹlòmíràn á ní ẹ̀bi ẹni tí kò fi àmì sí i ni. Òótọ́ ni, èmi náà sì máa ń fi àmì sí tèmi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó ti pẹ́ lẹ́nu èèyàn lè gba irú àṣìkà bẹ́ẹ̀ mọ́ra, torí etí ti mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá kò tíì ní agbára yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní "ìgúnrégé", ẹ gbọ́ èyí. Lóṣù tó kọjá, ọmọkùnrin kan gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá. Kọnkéré tí wọ́n fi eérú èèpo ẹkùrọ́ rọ́pò díẹ̀ nínú sìmẹ́ńtì rẹ̀ ló ṣèwádìí lé lórí. Ìwé náà gún régé lóòótọ́: lẹ́tà kan náà láti òkè dé ilẹ̀, etí rẹ̀ tọ́, àlàfo rẹ̀ dọ́gba. Jọ́nà ti dá a padà láàárín ọjọ́ méjì, wọn ò tíì kà á rárá. Wọ́n ní kó tò ó ní òòró méjì (ohun tí òyìnbó ń pè ní "column"), òòró kan ló tò ó sí. Wọ́n ní ìwọ̀n ìwé ti Amẹ́ríkà, ínǹṣì mẹ́jọ ààbọ̀ sí mọ́kànlá, ó lo A4 tí gbogbo wa ń rà l'Ékòó, mìlímítà 210 sí 297. A4 gùn jù ú lọ, kò sì fẹ̀ tó o. Nígbà tí mo yí ìwọ̀n rẹ̀ padà, gbogbo àwòrán inú rẹ̀ ló ṣí kúrò láyè wọn, àtẹ kan ("table") tiẹ̀ já sí méjì, ìdajì rẹ̀ bọ́ sí ojú ìwé kejì.

Ẹ rí i pé ìyìn ni ìgúnrégé jẹ́, jọ́nà kò sì béèrè ìyìn. Ohun tí wọ́n ń wò ni pé ìwé náà bá ìlànà wọn mu, ẹsẹ kọ̀ọ̀kan. Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ìbálànàmu". "Ìbáramu" ti wà lẹ́nu wa tipẹ́; ipa ọ̀nà kan náà ni èyí tọ̀. Ẹ sì wo inú "ìlànà" fúnra rẹ̀: ọ̀nà tí a là ni, tí ẹlòmíràn ti là sílẹ̀ ká tó dé. Kò sóhun míràn tí jọ́nà ń ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tẹ́ ẹ bá ní ó gùn, kò burú, òun ni kí á fi ṣe orúkọ iṣẹ́ náà. Tó bá kan ọ̀rọ̀ ìṣe, "to ìwé" ti tó wa. Mo ti dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù: "Ẹ bá mi to ìwé yìí," kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ni.

Mo lo "òòró" lókè yẹn, mo sì mọ̀ pé "òpó" ni àwọn kan fẹ́. Ẹ má bínú, kò lè ṣeé ṣe nínú iṣẹ́ yìí. Ọmọ tí mò ń sọ yìí, òpó kọnkéré wà nínú ìwádìí rẹ̀. Tí mo bá sọ fún un pé "òpó méjì ni wọ́n fẹ́", ó lè padà lọ da kọnkéré míràn. Ká jẹ́ kí òpó máa gbé ilé ró. Ojú ìwé ní òòró, ó ní ìbú, ìyẹn ti wà nínú èdè wa kí ẹ̀rọ tó dé.

Fún ìwé tí jọ́nà máa ń fún èèyàn pé kó wò kó fi to tirẹ̀, mo gba "àwòṣe", mi ò gba "àdàkọ". Mo ti rí ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ tí gbólóhùn àpẹẹrẹ inú àwòṣe ṣì jókòó síbẹ̀, láàárín ọ̀rọ̀ ẹni tó ni iṣẹ́. Ó dà á kọ lóòótọ́ ni. Nínú LaTeX, ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń to ìwé, tí Leslie Lamport gbé ka orí TeX ti Donald Knuth, ó tiẹ̀ tún hàn gbangba: èèyàn kì í fọwọ́ ara rẹ̀ to nǹkan kan níbẹ̀. Ó kàn ń sọ pé èyí ni àkọlé, èyí ni àwòrán, ẹ̀rọ á sì to ìyókù gẹ́gẹ́ bí àwòṣe ti wí. Kò sí àdàkọ kankan nínú ìyẹn.

"Àṣamọ̀" ("abstract") tí àwọn tó ń kọ ìwé ìwádìí ní Yorùbá fi ń ṣíde, ó yẹ iṣẹ́ lítíréṣọ̀. Fún ìmọ̀-ẹ̀rọ, "ìsọníṣókí" ni tèmi. Àṣamọ̀ kì í jẹ́ kí a mọ ìdáhùn kí ọ̀rọ̀ tó wọra, bẹ́ẹ̀ ẹnjiníà gbọ́dọ̀ sọ níbẹ̀ iye agbára tí kọnkéré náà ní lẹ́yìn ọjọ́ 28.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ tí mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé gan-an nìyí. Nínú ìlànà IEEE, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn ẹnjiníà iná mànàmáná, àti ti ọ̀pọ̀ jọ́nà ìmọ̀-ẹ̀rọ míràn, ọ̀rọ̀ tó ń sọ ohun tí àtẹ jẹ́ máa ń wà lókè àtẹ. Ti àwòrán, abẹ́ rẹ̀ ló máa ń wà. Òyìnbó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "caption", pe méjèèjì, bẹ́ẹ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣe ń ṣì í lójoojúmọ́. Ọmọ kọnkéré yìí náà, òkè ló kọ ti gbogbo àwòrán rẹ̀ sí. Àwa náà ti ń pe méjèèjì ní "àkọlé". Ṣùgbọ́n ẹ tú u wò: à, kọ, lé. Ohun tí a kọ lé nǹkan lórí ni. Ó bá àtẹ mu wẹ́kú. Àwọn ìyá wa tó ń pàtẹ ní Ọjà Ọyíngbò náà, tí wọ́n bá fẹ́ sọ iye tí wọ́n ń ta gààrí, wọ́n á ki páálí tí wọ́n kọ ọ́ sí sórí rẹ̀ gangan. Kò sẹ́ni tó ń wá a lábẹ́ àtẹ.

Kí ló wá dé tí a fi ń pe ohun tó wà lábẹ́ àwòrán ní ohun tí a kọ lé e? "Àkọsábẹ́" ni mo ní ká máa pè é. Àtẹ ní àkọlé, àwòrán ní àkọsábẹ́. Ọmọ tó bá ti mọ orúkọ wọn ti mọ ibi tí wọ́n ń gbé, kò tún nílò kí n fa ìlà pupa sí i lára. Mo mọ̀ pé ẹnìkan á bi mí pé ṣé kò ní dà pọ̀ mọ́ àlàyé tó máa ń wà nísàlẹ̀ ìwé. Rárá. Ojú ìwé ló ní ìsàlẹ̀. Àwòrán ló ní abẹ́. Tí àwòrán bá wà ní òkè ojú ìwé, abẹ́ rẹ̀ ṣì jìnnà sí ìsàlẹ̀ ìwé. Mo kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí páálí, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà mi, àkọlé lókè àtẹ tí mo yà, àkọsábẹ́ lábẹ́ àwòrán tí mo yà. Ọmọ náà wò ó, ó mú máòsì lọ́wọ́ mi, ó sì fúnra rẹ̀ sọ gbogbo àkọsábẹ́ náà kalẹ̀ sí abẹ́ àwòrán wọn.

Ọ̀kan ṣì ń dà mí láàmú. Fọ́tò àwọn kọnkéré tó fọ́ náà, orí fóònù ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́ síra wọn títí kò fi ní ẹ̀jẹ̀ lára mọ́. Jọ́nà fẹ́ kí fọ́tò ní àmì 300 nínú ínǹṣì kan, kí àwòrán onílà ní 600. Kí la máa pe ìyẹn, tí òyìnbó ń pè ní "resolution"? "Ìmọ́lẹ̀" kọ́, àwòrán lè mọ́lẹ̀ kó má ní àmì. Mò ń rò ó bóyá "kíki" lè ṣe é, bí ẹ̀kọ ṣe ń ki: àwòrán tó ki, àwòrán tó ṣàn. Mò ń lọ sí Ṣómólú lọ́jọ́ Sátidé, màá bi àwọn tó ń ṣe pléètì ìtẹ̀wé níbẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ẹni tó bá ti ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, kó jọ̀ọ́ kọ ọ́ kí n tó lọ.