Ṣé kí n fi iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ìjọba lórí òkun sílẹ̀ ni?

Ìyá Tóbi: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́. Inú ń bí mi gidi. Èmi tí mo kàwé nípa òkun títí mo fi gboyè kejì, ẹni tó ń gbé tíì ká ọ́fíìsì níyì jù mí lọ. Wọ́n ní kí n bá wọn kọ ètò tí ìjọba ìpínlẹ̀ máa tẹ̀ lé ní etí òkun wa. Mo kọ ọ́, ọ̀gá ń gbé kọ́ọ̀pù lé e lórí! Akọ̀wé rẹ̀ kì í kíni. Owó oṣù, ìgbà tó bá wù wọ́n ni. Wọ́n wá ń pè mí fún iṣẹ́ ní Kútọnu, lórí ètò WACA, ètò ìdáàbòbò etí òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí Báńkì Àgbáyé ń náwó sí. Ṣé kí n máa lọ?

Bàbá Ayọ̀: Mà, kí ló wà nínú ètò yẹn tí wọn ò fẹ́ kà?

Ọmọ Ìlàjẹ: Ẹ̀yin olùdámọ̀ràn! Ayétòrò wa ní etí òkun Ìlàjẹ, tí ìjọ Àpósítélì Mímọ́ tẹ̀ dó ní 1947, òkun ti gbé ilé, ó gbé ibojì. Ilé ìyá ìyá mi wà níbẹ̀. Wọ́n á wọ bàtà rọ́bà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ ẹja wa, ó parí.

Ẹ̀gbọ́n Àpápá: Àbúrò, rọra. Láti ìwọ̀-oòrùn ni yanrìn etí òkun wa ti ń rìn lọ sí ìlà-oòrùn. Láàárín 1908 sí 1912 ni òyìnbó kó òkúta sí ẹnu èbúté Èkó. Yanrìn há sí apá ìwọ̀-oòrùn, kò dé apá kejì mọ́, òkun bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach níbẹ̀. Lomé náà kọ́ èbúté tiẹ̀, ó ṣí i ní 1968, àwọn ará Aného tó wà ní ìlà-oòrùn rẹ̀ ló ń jìyà rẹ̀. Ẹni tó máa sọ irú èyí fún gómìnà kí wọ́n tó da òkúta, ẹ pè é lólùdámọ̀ràn.

Ọmọ Ìlàjẹ: Èkó rí òkúta. Àwa ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n Àpápá: Ṣé èmi ni gómìnà yín ni?

Màmá Ìbejì: Ṣé ẹ gbọ́ Faransé, mà? Ọmọ àbúrò mi lọ sí Kútọnu, ọdún kan ló fi ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ lọ́jà. Ẹ fi àdúrà sí i.

Ìyá Tóbi: Mo gbọ́ díẹ̀. Ìwà akọ̀wé yẹn ló dùn mí jù.

Bàbá Ayọ̀: Ẹ ò tíì dá mi lóhùn o.

Ìyá Tóbi: Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí wíwa yanrìn máa lọ ní apá ibì kan. Àwọn yòókù ní kí wọ́n dá a dúró pátápátá. Wọ́n wá ń sọ pé torí ọkọ mi ló ni ẹ̀rọ tó ń wa yanrìn níbẹ̀ ni. Kí ni ti ọkọ mi ti jẹ́? Ó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbà mí síṣẹ́.

Bàbá Ayọ̀: Háà!

Ọmọ Ìlàjẹ: Ẹ ò rí nǹkan?

Lọ́yà Àgbà: Mà, ẹ kọ̀wé sí kọmíṣọ́nnà lónìí. Ẹ sọ ohun tí ọkọ yín ní níbẹ̀, kí ẹ sì yọwọ́ nínú apá tó kan yanrìn. Iṣẹ́ tí Báńkì Àgbáyé ń náwó sí náà máa bi yín ní irú ìbéèrè yìí, ẹ má rò pé Kútọnu jìnnà.

Màmá Ìbejì: Mo ní ẹ fi àdúrà sí i.

Ìyá Tóbi: Ẹ ti dájọ́ mi tán. Ta ló mọ iye tí wọ́n ń gba ilé ní Kútọnu?