Eré wo ni mo lè fi kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ìpín ìdókòwò?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Àwọn ọmọ mẹ́fà kan ládùúgbò wa n'Íbàdàn, ọmọ ọdún 13 sí 16, máa ń wá sí pálọ̀ mi lọ́sàn-án Sátidé kí n kọ́ wọn nípa owó. Mo fẹ́ dé ọ̀dọ̀ wọn kí àwọn onítẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù tó dé.

Ọmọ ayò 48 la fi bẹ̀rẹ̀, mẹ́jọ-mẹ́jọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. A dá àjọ, ẹyọ kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan, títí gbogbo wọn fi kó tiwọn. Èyí tó máa kó kẹ́yìn ní, "Àǹtí, gààrì á ti wọ́n kó tó kàn mí!" Inú mi dùn gan-an.

Ìpín ìdókòwò, ìyẹn ìpín téèyàn ń rà nínú ilé-iṣẹ́, ló wá dí wa lọ́wọ́. Dáìsì lúdò ni mo fi ń pinnu iye rẹ̀: 4 sókè, owó gòkè, 3 sílẹ̀, owó já. Ọ̀kan nínú wọn wò mí lójú: "Ṣebí tẹ́tẹ́ náà nìyí?" Òótọ́ ló sọ. Èrè tí ilé-iṣẹ́ ń jẹ, àti bí èèyàn ṣe ń du ìpín rẹ̀ rà tó, ló yẹ kí eré náà fi hàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí? Báwo lẹ ṣe fi èrè ọdọọdún àti sùúrù sínú eré? Fóònù méjì péré ló wà láàárín wọn, nítorí náà èyí tó ṣeé fi páálí ṣe ni mo ń wá.